Bí Kọ̀ǹpútà Mi Ṣe Gbé Ìwé Bàbá Mi Mì

Nígbà ayé àwọn ológun, nígbà tí owó oṣù olùkọ́ máa ń pẹ́ débi pé tó bá dé, ńṣe la máa ń kí i káàbọ̀ bí àlejò, ni mo ra kọ̀ǹpútà. Ẹ má bi mí léèrè ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gbin ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀yìn kíláàsì, àwọn mìíràn ń ta àgbọn lójú títì márosẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́. Èmi kọjá sí Kùtọnu, mo gbé àlòkù kọ̀ǹpútà kan gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé, mo fi aṣọ ìyàwó mi wé e bí ọmọ tuntun. Gbogbo àdúgbò wa ní Àgbádárìgì jáde wá wò ó. Ẹnì kan tiẹ̀ béèrè bóyá ó ń gbé fíìmù.

Ó tóbi bí àpótí aṣọ, ojú rẹ̀ dà bíi ti tẹlifíṣọ̀n, tí a bá sì tàn án, ó máa ń kùn bí ẹni tí inú ń run. Mo gbé e sí iyàrá tó kọjú sí ọ̀sà, mo sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ bàtà wọ ibẹ̀, nítorí eruku. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wo irin fèrèsé tí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ti jẹ títí ó fi tín-ín-rín bí okùn, ó ní, "Ẹ dákun, ṣé afẹ́fẹ́ yìí náà máa bọ́ bàtà kó tó wọlé?" Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà kò lè yé e. Nígbà náà, gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò yé èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ pé kò lè yé ẹlòmíràn.

Bàbá mi ni mo fi ṣe àwáwí nígbà tí mo rà á: mo ní ìtàn rẹ̀ ni màá fi í tẹ̀. Wolé-wolé ni Bàbá nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkìtì. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá wolé-wolé láyé, ẹni tí ìjọba fún ní fìlà àti kẹ̀kẹ́ ni, pé kó máa yọjú sínú ìkòkò omi onílé, kó máa wá tanwíjí tó fẹ́ di ẹ̀fọn, kó máa wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti kànga, kó sì kọ orúkọ ẹni tó bá dọ̀tí sínú ìwé kí wọ́n lè pè é lẹ́jọ́. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ṣe é. Imú rẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó sọ fún ọ pé eku kan ti kú sí àjà rẹ láti ìjẹta, tí o bá sì gun òkè lọ wò ó, wàá bá a níbẹ̀.

Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì di ohun tí à ń gbọ́ lórí rédíò nìkan, mo ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Ìyá mi ti kú nígbà náà. Àpò kan péré ló gbé bọ̀: aṣọ díẹ̀, ife tíì rẹ̀, àti ìwé àwọn ọmọ iléèwé márùn-ún tó fi pẹ́ńsù kọ kún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìtàn ayé rẹ̀ ni. Ó sì fi nọ́ńbà sí orí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba àtijọ́ tó fọkàn sin ìwé.

Ó kó wọn lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Kà á. Tí o bá kà á tán, fi ẹ̀rọ rẹ yẹn tẹ̀ ẹ́, kí àwọn ọmọ rẹ lè rí i. Èmi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì o. Ẹni tó bá sọ ìtàn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, irọ́ á wọ inú ọ̀kan."

Nínú iṣẹ́ méjì tó rán mi, ọ̀kan ni mo jẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ kà níbẹ̀? Mo ti gbọ́ ìtàn Bàbá láti kékeré títí ó fi sú mi: bó ṣe fọ́ ìkòkò olóyè kan nítorí tanwíjí, bí àwọn obìnrin ṣe fi orógùn lé e já ọjà. Mo gbé ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo sì ń fi ìka méjì wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí adìyẹ tó ń wá kòkòrò nínú iyanrìn. Oṣù méje ni mo fi ṣe é. Ẹni tó ń wá "k" kì í ráyè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ, rédíò mi sì máa ń pariwo létí mi, torí ibẹ̀ la ti ń retí ìkéde lórí owó oṣù wa.

Ìgbà tí mo dé ìwé karùn-ún, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wá sẹ́nu ọ̀nà iyàrá náà. Á dúró síbẹ̀ láì wọ bàtà, ó sì ń pa òfin mi mọ́ ju gbogbo wa lọ. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ó bi mí pé, "Ṣé o ti dé ibi kànga?"

Mo yẹ ojú ewé tí mo ti yí kọjá wò fẹ̀rẹ̀. Mo rí "kànga" níbẹ̀ lóòótọ́. "Mo ti kọjá rẹ̀, Bàbá. Ó dára púpọ̀."

 Ó wọlé, ó fi ọwọ́ wá orí mi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, ó sì gbàdúrà fún mi títí wọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé tí mi ò mọ ẹni tó gbá a. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi. Mo ní áà, bí inú òǹkọ̀wé ṣe máa ń dùn nìyí tí wọ́n bá yìn ín.

Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo kó àwọn ìwé márààrún pọ̀ mọ́ ìwé ìdánwò àtijọ́ àwọn ọmọ iléèwé, mo sì tà wọ́n fún alákàrà kan ní ọjà Agbalata. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Gbogbo àwa olùkọ́ la máa ń ṣe é. Láyé ìgbà náà, ìwé ìròyìn ti wọ́n, ìwé ìdánwò ni gbogbo ìlú fi ń jẹ àkàrà, mo sì ti jẹ àkàrà rí tí mo rí òdo tí mo fún ọmọ kan lára bébà rẹ̀. Ìyàwó mi dúró ti ẹrù ìwé náà, ó ní, "Ẹ ò ṣe jẹ́ ká fi ti Bàbá pamọ́?"

"Pamọ́ fún kí ni? Ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé."

Ó wò mí, ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Ó wá ku kí n tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Mo da ọ̀rọ̀ náà kọ sínú dísíkẹ́ẹ̀tì kan, ike pẹlẹbẹ tó ṣe é kì bọ àpò, mo sì wọ mọ́tò lọ sí Ìjanikin, níbi tí ṣọ́ọ̀bù kan ti ní ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé. Àwọn ṣọ́jà wà lójú ọ̀nà, wọ́n ń yẹ ẹrù wò bí ẹni pé àwọn ẹlẹ́ja fẹ́ gbógun ti ìjọba. Ọ̀kan nínú wọn mú dísíkẹ́ẹ̀tì náà, ó bi mí pé kí ni. Mo ní ìwé ni. Ó ní báwo ló ṣe lè jẹ́ ìwé, òun ò rí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀. Èmi ọ̀mọ̀wé wá ní inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà, pé kò hàn síta ni. Kò sí ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀ láti sọ fún ṣọ́jà lákòókò náà. Ó fi èékánná ṣí irin kékeré ẹnu rẹ̀, ó fa awọ dúdú inú rẹ̀ jáde, ó nà án sójú oòrùn, ó wò ó níwá lẹ́yìn. Kò rí nǹkan kan. Ó kó o padà fún mi, ó ní kí n máa lọ, pé kò sí ohun tó burú nínú ìwé mi.

Mo ní kò ṣe nǹkan, ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà nílé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo máa tún lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ó tó dé, iná ìjọba tó ti lọ láti ọjọ́ mélòó kan padà dé lọ́sàn-án gangan bí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já. Gílóòbù fọ́, fáànù sáré bí ẹni rí ejò, èéfín díẹ̀ rú lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo tún un tàn, kò kùn mọ́. Ńṣe ló ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni ń fi èékánná kan ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ sì dúdú. Mo bọ́ bàtà mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Mi ò mọ ìdí tí mo fi bọ́ bàtà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Bàbá jí, tó béèrè ìdí tí ilẹ̀ ò tíì fi mọ́. Oòrùn ti kún iyàrá rẹ̀ nígbà náà. Ìyàwó mi gbé iná tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀, ó gbé e kúrò, ó sì mi orí sí mi. Bàbá kò sunkún. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé àga òun sí pálọ̀, ó jókòó, ó sì pè mí.

"Ó ku ohun kan tí mo fẹ́," ó ní. "Ka ibi kànga fún mi. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, kí n tó lọ bá ìyá rẹ."

Mo wá inú orí mi. Ìka mi ló tẹ ìwé náà látòkè délẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, gbólóhùn kan ṣoṣo kò sì kù sí mi lọ́kàn. Háádì tèmi, ibi tí ẹ̀rọ ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, ti bàjẹ́ kí ti kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́. Mo ní, "Kò sí iná, Bàbá."

Bàbá gbé ojú rẹ̀ tó ti fọ́ sókè sí fáànù tó ń yí lórí wa. 

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ìtìjú nìkan o. Àgbàlagbà náà kò lè kọ ọ́ mọ́, ó sì ti búra pé òun ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Tí mi ò bá rí ìwé yẹn yọ, Bàbá mi á kú láì gbọ́ ohun kan ṣoṣo tó béèrè lọ́wọ́ mi, èmi ni màá sì jẹ̀bi rẹ̀.

Ẹnjinníà kan wà ní Ìjanikin tó ń tún rédíò, fíríìjì, àti, gẹ́gẹ́ bí pátákó rẹ̀ ṣe wí, gbogbo ohun tó ń lo iná ṣe. Ó tú kọ̀ǹpútà náà, ó yọ irin pẹlẹbẹ kan jáde tí kò ju páálí sìgá méjì lọ. Ó ní háádì nìyẹn, pé inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo kọ ń gbé. Ó gbé e sétí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a bí ẹni ń gbá ọmọ lẹ́yìn kó lè gùfẹ̀, ó tún gbé e sétí.

"Ọ̀gá, ó ti gbóná kọjá àlà. Òtútù ló máa wò ó sàn. Ẹ fi ọ̀rá wé e dáadáa, ẹ lọ gbé e sí ilé ẹja dídì fún ọjọ́ méjì. Tí ẹ bá ti gbé e jáde, ẹ máa sáré bọ̀ kó tó yọ́."

Mo ti gba ìwé ẹ̀rí ní yunifásítì. Mo gbọ́, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Báyìí ni ìtàn ayé Bàbá mi ṣe sun ọjọ́ méjì ní ilé ẹja dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Agbalata, láàárín páálí títùsì àti páálí kọ́tẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta mo gbé e sínú kúlà pẹ̀lú omi dídì, mo sì mú ọ̀nà Ìjanikin pọ̀n. Ṣọ́jà tún dá wa dúró. Ó ṣí kúlà, ó rí irin tí wọ́n fi ọ̀rá wé láàárín omi dídì, ó bi mí pé kí lèyí. Ó ti sú mi láti máa parọ́.

"Ìtàn ayé Bàbá mi ni."

Ó yọ ọwọ́ kúrò nínú kúlà. "Bàbá ti kú ni?"

"Rárá. Wọ́n wà nílé."

Ó rọra pa kúlà náà dé, ó sì sọ fún dẹ́rẹ́bà pé kó máa gbé mi lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ẹ máa rò pé ẹnjinníà yẹn ò mọ nǹkan kan. Háádì náà jí. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó kùn bí ti àtijọ́, orúkọ àwọn ìwé náà sì tò sójú kọ̀ǹpútà: BABA1, BABA2, títí dé BABA5. Ara mi yá gágá. Ẹnjinníà ní kó máa da ti àkọ́kọ́ kọ sí dísíkẹ́ẹ̀tì, ó tẹ nǹkan, a sì tún gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ojú rẹ̀ ṣú.

"Ọ̀gá," ni ẹnjinníà wí tayọ̀tayọ̀, "ẹ ṣáà ti rí wọn. Gbogbo wọn pé síbẹ̀."

"Ṣé wọ́n máa jáde?"

"Ìyẹn ni mi ò tíì sọ. Ẹ tún lọ gbé e sínú ẹja."

Mo tún lọ gbé e sínú ẹja. Nígbà tí mo jáde, ebi ń pa mí, orí ń fọ́ mi, mo sì yà sọ́dọ̀ alákàrà, mo ra àkàrà, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Mo jẹ méjì. Ibi tí mo ti fẹ́ mú ẹ̀kẹta ni mo rí ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ epo, pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́: tanwíjí. Mo gbé àkàrà kúrò lórí rẹ̀. Ojú ewé kẹrìnlélógún ni, ìwé kejì. Kò sí ẹlòmíràn láyé yìí tó ń kọ "t" bí ẹni gbé àgbélébùú kalẹ̀.

Alákàrà náà jẹ́ ará Ẹ̀gùn, obìnrin tó sanra díẹ̀, tó máa ń fi Ẹ̀gùn bá epo rẹ̀ wí tó bá ń ta jù. Ó rí i pé mi ò jẹun mọ́. "Tíṣà, kí ló dé? Àkàrà ò jinná ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, bébà tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ yìí, ṣé ó kù?"

"Ìyẹn? Ó mà dáa o. Ti báírò máa ń ya aró sára àkàrà, àwọn èèyàn á máa bínú sí mi. Ti pẹ́ńsù kì í ya. Àwọn oníbàárà ńlá ni mo fi ń wé e fún. Ìyàwó ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù, katikíìsì, ìyá tó ń ta aṣọ lọ́hùn-ún." Ó fa agbada kan jáde lábẹ́ àpótí tó jókòó lé, ó ṣí ọ̀rá orí rẹ̀. Ìwé kan odindi wà níbẹ̀ àti ìlàjì òmíràn. "Ta ló kọ ọ́?"

"Bàbá mi ni."

Ó gbé ṣíbí àkàrà rẹ̀ sílẹ̀. "Dàágbó tó wà nílé yín? Tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà?" Dàágbó ni àwọn Ẹ̀gùn máa ń pe àgbàlagbà ọkùnrin. "Dàágbó wà láàyè, ẹ wá gbé ìwé ọwọ́ ẹ̀ tà fún alákàrà?"

Mo ní mo rò pé kọ̀ǹpútà ti gbà á ni. Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé háádì fún un.

"Èmi ò mọ̀wé, Tíṣà," ó ní. "Ká ní mo mọ̀wé ni, mi ò ní tà á."

Ó dì í fún mi sínú aṣọ ìnura rẹ̀. Ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ rán mi sí àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ní kí n sọ pé òun ló ní kí n wá. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń kan ilẹ̀kùn nílùú Àgbádárìgì, èmi olùkọ́ tó ní kọ̀ǹpútà, tí mò ń béèrè bóyá wọ́n ṣì ní bébà tí wọ́n fi jẹ àkàrà. Ìyàwó ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù ti fi mẹ́ta tẹ́ àpótí dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Mo bá ọ̀kan nínú bàtà ẹnì kan, ó fi í há ibi tó ti fẹjú. Ẹni tí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló mọ nǹkan kan nípa Bàbá mi tí èmi ò mọ̀. Ẹnì kan bi mí bóyá wọ́n padà san owó ìkòkò olóyè yẹn. Gbogbo ìlú ti ka Bàbá mi jù mí lọ.

Katikíìsì ni mo bá kẹ́yìn. Ó ti tò ojú ewé mọ́kànlá sínú Bíbélì rẹ̀ létòlétò, ó ní òun ń ra àkàrà lójoojúmọ́ kí òun lè mọ ibi tí ìtàn náà máa já sí. Ó kó wọn fún mi, kò sì tètè fi wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ bá mi kí Bàbá," ó ní. "Ẹ sọ fún wọn pé mò ń gbàdúrà fún wọn. Mò ń gbàdúrà fún ẹ̀yin náà." Mo dúpẹ́. Mo ní ìwà àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, wọ́n á máa gbàdúrà fún gbogbo ènìyàn.

Mo délé ní ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó mi ṣì wà níbi iṣẹ́. Mo tẹ́ gbogbo bébà náà sílẹ̀ ní iyàrá kọ̀ǹpútà, mo sì tò wọ́n. Nọ́ńbà ni mo fi tò ó. Mi ò ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ìwà kì í tètè fi oníwà sílẹ̀. Púpọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n láàárín èyí tí katikíìsì fún mi, mo rí ojú ewé méjì tí wọ́n kọ "Kànga" sí orí ọ̀kan, tí wọ́n sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo fò sókè. Mo gbé e jáde lọ bá Bàbá ní ẹnu ọ̀nà, níbi tó ti ń gba afẹ́fẹ́ ọ̀sà.

"Bàbá, ó ti jáde o. Mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìjanikin. Ibi kànga rèé."

Ó na ọwọ́, ó gba bébà náà, ó fi ìka méjì pa á wò. Ó gbé e sún mọ́ imú. Ẹ ṣáà rántí iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ṣe fún ọgbọ̀n ọdún ó lé.

"Kọ̀ǹpútà wo ló ń run àkàrà?" ó ní.

Mo wo epo tó wà lára bébà náà.

"Jókòó," ó ní, ó sì dá a padà fún mi. "Kà á."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sì bẹ̀rẹ̀. Ohùn olùkọ́ ni mo fi ń kà á, ketekete, bí ẹni dúró níwájú kíláàsì.

"Lọ́dún yẹn, ìjọba gbẹ́ kànga kan sí ẹ̀yìn ilé tí mò ń gbé. Iṣẹ́ mi ni láti yẹ ọmọrí rẹ̀ wò lóṣooṣù kí n sì buwọ́ lùwé. Lóṣù tí mò ń sọ yìí, mi ò jáde lọ wò ó. Ó rẹ̀ mí, òjò sì ń rọ̀. Mo jókòó sínú iyàrá, mo kọ ọ́ sínú ìwé pé ó dára púpọ̀, mo buwọ́ lù ú. Igi ọmọrí náà ti jẹrà. Ní ọjọ́ kẹrin, àkọ́bí mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, gun orí rẹ̀ láti ká gúáfà."

Ohùn olùkọ́ náà fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn òbí mi ti bí ọmọ kan ṣáájú mi, mo mọ̀. Wọ́n ní ibà ló pa á. A kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé wa.

"Kà á," ni Bàbá wí.

"Ọmọrí náà bá a wó sínú kànga. Wọ́n gbé ìwé wò, wọ́n rí i pé mo ti kọ ọ́ pé ọmọrí náà dára. Wọ́n ní nígbà náà, ẹnì kan ló ṣí i sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló pọn omi kẹ́yìn ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní bóyá òun ni kò dé e padà dáadáa. Mi ò sọ nǹkan kan. Ó gbé e lọ́kàn fún ọdún mẹ́tàlélógójì, mo sì jẹ́ kó gbé e lọ sí sàréè. Ìwọ tí ò ń ka èyí, ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún."

Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ló buwọ́ lù, bó ṣe máa ń buwọ́ lu ìwé ìjọba. Mo di bébà náà mú. Ọkọ̀ ojú omi kan ń kọjá lórí ọ̀sà, àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní Ẹ̀gùn.

"Ò ń kà á bí ẹni tí kò rí i rí," ni Bàbá wí.

"Bàbá, mo tẹ̀ ẹ́ ni. Mi ò kà á."

"O sọ fún mi pé o ti kọjá ibẹ̀. O ní ó dára púpọ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Kò bínú. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú. "Láti ọjọ́ yẹn," ó ní, "tí o bá ti wá kí mi láàárọ̀, mo máa ń sọ nínú ara mi pé ọmọ yìí mọ̀, ó sì tún wá kí mi. Mo ti ń sùn dáadáa láti ọjọ́ yẹn."

 Mo wólẹ̀ síbẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo dojú bolẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè rí mi.

"Dìde," ó ní. "Tún un kà láti òkè."

Mo dìde, mo sì tún un kà láti òkè. Epo ti jẹ́ kí bébà náà tín-ín-rín débi pé mò ń rí ìka ara mi láti ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ Bàbá. Mo kà á dé ibi ìbuwọ́lù, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì wọlé lọ sùn. Ọjọ́ yẹn ni mo gbàgbé háádì pátá sí ilé ẹja dídì. Bóyá wọ́n ti tà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ kí i bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo dúró díẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí n tó wọlé. Ó ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ti wọ aṣọ, ó kọjú sí ibi tí mo máa gbà wọlé.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ni mo wí.

Ó fi ọwọ́ wá orí mi kó tó dáhùn.